Gbígba Omi Padà Láti Inú Èéfín Ilé Iṣẹ́ Amúnáwá

Gbígba omi padà láti inú èéfín jẹ́ ọ̀nà ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń mú omi tí ó fara pamọ́ sínú èéfín ilé iṣẹ́ amúnáwá jáde, kí èéfín náà tó gba ọ̀pá rẹ̀ bọ́ sí ojú ọ̀run. Ohun èlò tí a fi ń ṣe é ni a ó máa pè ní apààrọ̀-ìgbóná nínú àlàyé yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìgbóná lára ohun kan kí ó sì gbé e fún òmíràn, láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì dàpọ̀. A kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ẹ lè mọ ibi tí omi náà ti wá, bí a ṣe ń gbà á, iye tí a lè rí gbà, àti ibi tí agbára ọ̀nà náà mọ.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ilé iṣẹ́ amúnáwá tí ó ń fi omi gbígbóná yí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi. Níbikíbi tí ó bá ti ń fa omi láti inú odò tàbí láti abẹ́ ilẹ̀, òun, àgbẹ̀, apẹja àti ìdílé tí ń pọn omi ni wọ́n jọ ń pín in. Ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ wa, ní etí òkun Ìlàjẹ, omi yí ènìyàn ká, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣeé mu. Nítorí náà, bí ará ìlú bá gbọ́ pé ẹ̀rọ kan lè fa omi jáde láti inú èéfín, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ìrètí bá sọ nínú rẹ̀. Ìrètí dára, ṣùgbọ́n ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó dúró lórí òye. Àlàyé ìmọ̀ ni èyí. Kì í ṣe ìkéde iṣẹ́ àkànṣe kankan.

BÍ OMI ṢE DÉ INÚ ÈÉFÍN

Méténì ni ó pọ̀ jù nínú gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá ń jó. Èròjà méjì ni ó para pọ̀ di méténì: kábọ́nì àti háídírójìn. Nígbà tí iná bá mú un, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ a dara pọ̀ mọ́ kábọ́nì, wọn a sì di kábọ́nì dáyọ́kísáìdì. Ọ́síjìn yìí kan náà a tún dara pọ̀ mọ́ háídírójìn, wọn a sì di omi. Kìlógíráàmù méténì 1 tí ó bá jóná tán yóò mú kìlógíráàmù omi 2.25 wá. Kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé omi náà wúwo ju gáàsì tí a jó lọ: láti inú afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn tí ó fi kún ìwúwo rẹ̀ ti wá.

Ọ̀nà méjì mìíràn tún wà tí omi ń gbà wọ inú èéfín. Èkínní ni ọ̀rinrin tí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ. Ní ilẹ̀ òjò bíi tiwa, kì í ṣe díẹ̀. Èkejì ni omi tí ó wà nínú ohun tí a ń jó fúnra rẹ̀. Gáàsì kò ní púpọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n igi tútù ní, èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀ náà sì ní. Irú èédú kan tí a ń pè ní lígínáìtì wà tí omi lè kó ìdá mẹ́ta ìwúwo rẹ̀, nígbà mìíràn kí ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú kì í rí omi yìí nínú èéfín, nítorí pé ìgbóná ti sọ ọ́ di oru tí ó fẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́. Àfi bí ó bá tutù ni ó tó hàn. Ẹni tí ó bá tan ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò rí i pé omi ń kán tó, tó, tó láti ẹnu sàléńsà. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé nǹkan ti bàjẹ́ lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, omi tí epo bẹntiróòlù mú wá nígbà tí ó jóná ni. Nígbà tí páìpù náà ṣì tutù, oru omi inú èéfín fara kan irin tútù, ó sì di omi padà. Ní kété tí páìpù bá gbóná, kíkán náà a dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé omi ti tán nínú èéfín. Ìtutù tí ì bá mú un jáde ni ó tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù dúró lé.

ÌWỌ̀N TÍ ÌRÌ FI Ń SẸ̀

Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gba oru omi púpọ̀ mọ́ra. Afẹ́fẹ́ tútù kì í lè gba tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń mú afẹ́fẹ́ kan tutù díẹ̀díẹ̀, yóò dé ìwọ̀n kan tí kò ti ní lè gba gbogbo oru inú rẹ̀ mọ́ra mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, èyí tí ó bá ṣẹ́kù a di omi. Ohun tí ń mú kí ìrì sẹ̀ sórí koríko ní òru nìyẹn. Òun náà ni ó ń mú kí omi sun sára ọmọrí ìkòkò ìrẹsì, kí ó sì máa kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù. Ìwọ̀n ìtutù tí èyí ti ń bẹ̀rẹ̀ ni a ó pè ní ìwọ̀n ìsẹ̀rì.

Ìwọ̀n ìsẹ̀rì èéfín kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Èéfín tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ tètè ń sẹ̀, nígbà tí ó ṣì gbóná díẹ̀. Èéfín tí afẹ́fẹ́ ti bu là gidigidi gbọ́dọ̀ tutù púpọ̀ kí ẹ̀kán omi kan tó jáde lára rẹ̀. Nínú bọ́ílà tí ń jó gáàsì, tí afẹ́fẹ́ tí ó ń lò kò pọ̀ ju ohun tí iná nílò lọ, ìwọ̀n ìsẹ̀rì èéfín a máa wà ní àyíká 59°C ní irú ojú ọjọ́ tiwa. Bí a bá mú un tutù dé 50°C, a ó rí nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún omi inú rẹ̀ gbà. Bí a bá mú un dé 40°C, a ó rí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ìtutù bá ṣe pọ̀ sí i ni omi ṣe ń pọ̀ sí i.

APÀÀRỌ̀-ÌGBÓNÁ ÀTI ỌPỌ́N ONÍ-ÒGÓGÓRÓ

Kò sí ìdí fún wa láti rìn jìnnà kí a tó rí apààrọ̀-ìgbóná. Ní agbègbè Òkìtìpupa àti ní àwọn ìletò ẹ̀bá omi ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí, àwọn tí ń pọn ògógóró ti ń lo ọ̀kan láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n a da ẹmu ògùrọ̀ tí ó ti kan sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n a sì dáná sí i nídìí. Oru tí ó ń jáde a gba inú páìpù gígùn kan, èyí tí ó la inú ọpọ́n omi tútù kọjá. Bí oru náà ti ń rìn nínú páìpù, omi ọpọ́n ń gba ìgbóná lára rẹ̀, ó sì ń di ohun mímu tí ń kán sínú ìgò ní ìkangun kejì. Omi ọpọ́n kò fi ara kan ògógóró rí, ṣùgbọ́n òun ni ó mú un jáde.

Ohun tí a ń ṣe ní ilé iṣẹ́ amúnáwá jọ bẹ́ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé a yí i po. Inú páìpù ni omi tútù ń gbà, èéfín sì ń fẹ́ lu ara páìpù náà láti òde. Páìpù náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni, a tò wọ́n jọ bí igi nínú àkójọ kí ara wọn tí èéfín yóò fi kàn lè pọ̀. Omi inú èéfín a sun sára wọn, a ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, a sì bọ́ sínú àgbá.

Gbogbo ẹni tí ó ti dúró ti ọpọ́n ògógóró rí mọ òfin kan: bí omi ọpọ́n bá gbóná, kíkán yóò dín kù. Dandan ni kí a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù mìíràn. Òfin yìí kan náà ni ó de ilé iṣẹ́ amúnáwá, bí ó ti wù kí ó tóbi tó.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ṢE NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí kedere jù ni èyí tí Edward Levy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Lehigh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára ni ó ná owó lé e lórí, ìjábọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2011. Ilé iṣẹ́ amúnáwá tí ń jó èédú ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ya díẹ̀ nínú èéfín sí ọ̀tọ̀, wọ́n sì darí rẹ̀ gba inú apààrọ̀-ìgbóná tí wọ́n ṣe fún ìdánwò.

Ìṣòro ńlá tí ó kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n ni ásíìdì. Imí ọjọ́ wà nínú èédú. Nígbà tí ó bá jóná, díẹ̀ nínú rẹ̀ a di ásíìdì tí ń jẹ irin. Ṣùgbọ́n wọ́n lo ànfààní kan tí ó wà nínú ọ̀nà tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbà sẹ̀: ásíìdì tí imí ọjọ́ ń mú wá a máa sẹ̀ nígbà tí èéfín ṣì gbóná ju 100°C lọ, nígbà tí omi ń dúró di ìgbà tí ó bá tutù sí ìsàlẹ̀ 60°C. Nítorí náà, bí a bá to apààrọ̀-ìgbóná ní ìpele ìpele, ìpele àkọ́kọ́ lè mú púpọ̀ nínú ásíìdì náà, kí ìpele tí ó tẹ̀ lé e sì mú omi tí ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún dán oríṣiríṣi irin wò kí wọ́n lè mọ èyí tí ásíìdì kò ní tètè jẹ, wọ́n ṣírò iye tí yóò náni láti tọ́jú omi náà, wọ́n sì wo èrè rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìnáwó rẹ̀.

Ìwádìí náà fi hàn pé iye omi tí a lè gbà kò dúró lójú kan. Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu rẹ̀: bí omi tí a fi ń mú èéfín tutù ṣe tutù tó, bí ó ṣe pọ̀ tó ní ìfiwéra pẹ̀lú èéfín, àti iye oru tí ó wà nínú èéfín náà. Méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtutù.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀ díẹ̀. Dípò páìpù irin, wọ́n lo páìpù tí a fi ohun tí ó dà bí amọ̀ sísun ṣe, tí ihò ara rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí i. Oru omi a wọ inú ihò náà, a di omi, a sì dara pọ̀ mọ́ omi tí ń ṣàn nínú páìpù, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn afẹ́fẹ́ yòókù a kù sí òde. Àǹfààní rẹ̀ ni pé omi tí ó wọlé mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ òfin ìtutù.

ÌṢIRÒ KAN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe èyí tí a lè dárúkọ, bí kò ṣe èyí tí a fi inú rò. Ó ń mú iná mẹ́gáwáàtì 100 jáde. Ó ń jó gáàsì nínú bọ́ílà, ó ń fi oru omi yí tọ́báìnì rẹ̀, ó sì ń sọ ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún agbára gáàsì di iná.

Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa jó nǹkan bí tọ́ọ̀nù gáàsì 20 ní wákàtí kan. Omi tí yóò ti inú rẹ̀ jáde yóò tó tọ́ọ̀nù 45. Bí a bá fi ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kún un, yóò lé ní tọ́ọ̀nù 50. Tọ́ọ̀nù omi kan jẹ́ 1,000 lítà. Ó túmọ̀ sí pé ó lé ní 50,000 lítà omi tí ń gba ọ̀pá èéfín lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá lè mú gbogbo èéfín náà tutù dé 40°C, a ó rí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 35 gbà nínú rẹ̀.

Iye yìí pọ̀ lójú ẹni tí ń pọn omi pẹ̀lú korobá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi wé ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń lò. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni omi ń gbà tán níbẹ̀. Èkínní ni omi inú bọ́ílà. Omi yìí kan náà ni ó ń yípo: ó ń di oru, ó ń yí tọ́báìnì, ó ń di omi padà, ó sì ń padà sínú bọ́ílà. Díẹ̀ ni ó ń sọnù, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 sí 6 ní wákàtí kan nínú àpẹẹrẹ wa, ṣùgbọ́n omi tí a ó fi dí i gbọ́dọ̀ mọ́ gidigidi. Ọ̀nà kejì ni omi ìtutù, èyí tí ó ń sọ oru tí ó ti yí tọ́báìnì di omi padà. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ń lo ilé gogoro tí a fi ń mú omi tutù nípa jíjẹ́ kí apá kan rẹ̀ fò lọ sínú afẹ́fẹ́, omi tí ń fò lọ náà yóò tó tọ́ọ̀nù 180 sí 200 ní wákàtí kan.

Níhìn-ín ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ti hàn. Bí a tilẹ̀ rí tọ́ọ̀nù 35 gbà, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún omi ìtutù. Ṣùgbọ́n ó ju ohun tí bọ́ílà nílò lọ ní ìlọ́po mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

NÍBO NI ÌGBÓNÁ YÓÒ LỌ?

Ìbéèrè kan ṣì kù tí a kò gbọdọ̀ fò. Nígbà tí oru bá di omi, kì í ṣe omi nìkan ni ó ń jáde. Ìgbóná tí ó sọ ọ́ di oru tẹ́lẹ̀ ń jáde pẹ̀lú. Láti gba tọ́ọ̀nù omi 35 ní wákàtí kan, ìgbóná tí ó lé ní mẹ́gáwáàtì 20 ni a gbọ́dọ̀ kó kúrò. Ta ni yóò gbà á?

Bí a bá kó o lọ sí ilé gogoro ìtutù, omi ibẹ̀ ni yóò fò lọ láti gbé e. Ìgbóná tí ó ń jáde nígbà tí lítà oru kan bá di omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìgbóná tí a nílò láti sọ lítà omi kan di oru. Nítorí náà, lítà kan tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbà nínú èéfín, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ òsì ná lítà mìíràn láti gbà á. Ìnáwó yóò wáyé, ẹ̀rọ yóò máa yí, ṣùgbọ́n odò kò ní jèrè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta irú ẹ̀rọ yìí tí kò sì sọ ibi tí ìgbóná ń lọ, kò tíì sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí ó sàn jù ni pé kí a wá ohun tí ó nílò ìgbóná náà. Omi tí ń padà sínú bọ́ílà nílò rẹ̀, nítorí pé a gbọ́dọ̀ mú un gbóná kí ó tó wọlé. Bí a bá fi òun gba ìgbóná èéfín, gáàsì tí a ń jó yóò dín kù díẹ̀, omi yóò sì jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣòro tiwa ni pé ilẹ̀ wa gbóná: omi tí ń ti abẹ́ tọ́báìnì bọ̀ níhìn-ín a máa wà ní àyíká 40°C kí ó tó pàdé èéfín. Kò tutù tó láti ṣe púpọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 ni yóò lè mú jáde ní wákàtí kan.

Tọ́ọ̀nù 5 kéré, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí bọ́ílà ń pàdánù. Èyí ni èrè tòótọ́ tí a lè retí ní ilẹ̀ olóoru. Ilé iṣẹ́ amúnáwá lè fi èéfín ara rẹ̀ dí omi bọ́ílà rẹ̀, kí ó má sì gbẹ́ kànga-ẹ̀rọ ní àárín àdúgbò nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè fi èéfín rẹ̀ fún gbogbo ìlú ní omi.

IBI TÍ Ó TI Ń ṢIṢẸ́ DÁADÁA

Ní orílẹ̀-èdè Sweden, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń jó èérún igi tàbí pàǹtírí ti ń sọ oru inú èéfín di omi. Ohun méjì ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ilẹ̀ wọn tutù, gbogbo ìlú sì ń ra ìgbóná: a ń gbé omi gbígbóná gba inú páìpù lọ sí ilé àwọn ènìyàn kí wọ́n fi yá ara, ó sì ń tutù padà sí ilé iṣẹ́. Omi tí ń padà bọ̀ náà ni ó ń gba ìgbóná èéfín. Ìgbóná ni wọ́n ń wá. Omi jẹ́ ẹ̀bùn tí ó bá a wá.

Àwọn ará wa tí ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀ nínú ilé, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Láti ọdún 2005 ni òfin ibẹ̀ ti béèrè pé kí bọ́ílà gáàsì tuntun tí a bá gbé sínú ilé jẹ́ irú tí ń sọ oru èéfín di omi, àyàfi níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe. Páìpù ọ̀rá kékeré tí ó yọ láti ara bọ́ílà lọ sí ojú àgbàrá ni omi náà ń gbà jáde. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é nítorí pé omi náà kan díẹ̀, ó sì lè jẹ irin lásán.

BÍ Ó ṢE KAN ÀWỌN ILÉ IṢẸ́ AMÚNÁWÁ ILẸ̀ YORÙBÁ

Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ amúnáwá ni ọ̀nà yìí bá mu. Àwọn méjèèjì tí ó wà ní Omotosho, ní agbègbè Òkìtìpupa, ń lo tọ́báìnì gáàsì. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èéfín gbígbóná náà fúnra rẹ̀ ni ó ń yí tọ́báìnì. Kò sí bọ́ílà níbẹ̀, kò sì sí omi ìtutù púpọ̀ tí ó ń lò. Afẹ́fẹ́ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá a máa tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí iná nílò, nítorí náà ó ti bu omi inú èéfín là. Ìwọ̀n ìsẹ̀rì irú èéfín bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bíi 45°C lọ, bí a bá sì mú un dé 40°C, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin omi inú rẹ̀ ni yóò jáde. Síbẹ̀, èéfín náà a máa gbóná ju 500°C lọ nígbà tí ó bá ń jáde. A gbọ́dọ̀ kó gbogbo ìgbóná yẹn kúrò kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́.

Èyí fi hàn pé nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbóná ni ohun ìní tí ń ṣòfò ṣáájú omi. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ni kí a fi èéfín gbígbóná náà se omi, kí oru rẹ̀ sì yí tọ́báìnì kejì, kí iná lè pọ̀ sí i láìfi gáàsì kún un. Bí a ṣe ṣe ètò ilé iṣẹ́ kejì ní Olorunsogo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nìyẹn. Lẹ́yìn tí èyí bá ti wà ni ó tó yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ omi.

Irú ilé iṣẹ́ tí ọ̀nà yìí lè bá mu jù ni irú ti Egbin, ní agbègbè Ìkòròdú ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bọ́ílà mẹ́fà ni ó ń jó gáàsì níbẹ̀ fún ẹ̀rọ mẹ́fà, a sì ṣe é kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè mú mẹ́gáwáàtì 220 jáde. Etí ọ̀sà ni ó wà, omi ọ̀sà ni ó sì fi ń mú ẹ̀rọ tutù, dípò ilé gogoro. Gáàsì ilẹ̀ wa kò ní imí ọjọ́ púpọ̀ nínú, nítorí náà ásíìdì tí ó da àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà láàmú kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pá èéfín gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí ọ̀rinrin kò ní bàjẹ́, a sì lè nílò fáànù ńlá láti ti èéfín tí ó ti tutù sókè, nítorí pé èéfín tútù kì í fò gòkè bíi ti gbígbóná.

ṢÉ OMI NÁÀ ṢEÉ MU?

Kò ṣeé mu bí ó ṣe jáde. Oru omi fúnra rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sẹ̀ nínú èéfín ni ó ń fa àwọn nǹkan mìíràn mọ́ra: kábọ́nì dáyọ́kísáìdì àti àwọn afẹ́fẹ́ tí náítírójìn ń mú wá, tí wọ́n ń sọ ọ́ di kíkan, àti ohunkóhun tí páìpù bá yọ́ sínú rẹ̀. Níbi tí a bá ti ń jó èédú, imí ọjọ́ àti mákúrì lè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. A lè tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ní ohun èlò àti àyẹ̀wò ni.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì fún ìdílé. Omi tí ń kán láti ẹnu sàléńsà jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá omi tí a ti ń sọ bọ̀. Ẹ má ṣe gbà á fún mímu, fún sísè, tàbí fún ẹran ọ̀sìn. Bákan náà, ẹ má ṣe gbìyànjú láti da páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ sínú omi tàbí láti dí i nítorí àti gba omi tàbí láti pa ariwo rẹ̀. Èéfín tí kò bá rí ọ̀nà jáde yóò padà sí ilé, kábọ́nì mónọ́ksáìdì inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ìta gbangba ni ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A RÁNTÍ

Omi wà nínú èéfín, ó sì pọ̀. Ìtutù tí a ó fi gbà á ni ó ṣọ̀wọ́n, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru. Bí ìgbóná rẹ̀ bá rí ibi tí ó wúlò sí, omi náà lè kájú ohun tí bọ́ílà ń pàdánù, kí gáàsì tí a ń jó sì dín kù. Bí kò bá rí, a ó kàn máa fi omi wá omi ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ètò yìí wá sí àdúgbò yín, ìbéèrè mẹ́ta ni ó tọ́ kí ẹ bi í. Irú ẹ̀rọ wo ni ilé iṣẹ́ náà ń lò, ṣé ti bọ́ílà ni tàbí tọ́báìnì gáàsì? Níbo ni ìgbóná tí a bá gbà nínú èéfín yóò máa lọ? Lẹ́yìn tí a bá ti yọ omi tí a ná kúrò nínú omi tí a gbà, lítà mélòó ni yóò ṣẹ́kù fún odò? Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú òǹkà tí ó ṣe kedere, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́.